Ẹ lọ wò ó nírọ̀lẹ́: bí a ṣe ń yẹ ilé ìtọ́jú kékeré wò fún òbí tó ní àrùn ìgbàgbé (dementia) ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ìyá mi á dìde, wọn á gbé báàgì wọn, wọn á ní àwọn ń lọ sílé. Inú ilé wọn ni wọ́n sì wà. Ilé tí wọ́n ń wí ni ilé bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jáde sínú òtútù. Ọlọ́pàá ló bá wọn ní ibùdókọ̀, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, kò sí kóòtù lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti àwọn àbúrò mi gbà pé apá wa kò ká a mọ́.

Mo ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà fún ọdún 9 kí ọ̀rọ̀ tó kan ìyá tó bí mi. Síbẹ̀, ilé tí mo kọ́kọ́ yàn kò dára. Ọ̀sẹ̀ 5 ni Màmá lò níbẹ̀ kí n tó kó ẹrù wọn kúrò. Ọ̀sán gangan ni mo lọ wo ilé yẹn, nígbà tí máníjà wà níbẹ̀, tí oúnjẹ ń ta sánsán, tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. N kò wo bí ibẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Nílé kékeré tí àgbàlagbà mẹ́fà sí méjìlá ń gbé, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ilé náà. Bí wọ́n bá dára, ilé dára. Bí wọn kò bá dára, kápẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè tún un ṣe. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, àti àwọn wákàtí tí ojú yín kò ní sí níbẹ̀, ni gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ń wá.

Òfin tí mo mẹ́nu bà jẹ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin àti alábòójútó tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: kí ẹ tó jáde nílé

Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹnìkan nínú ẹbí yóò pa òwe yìí fún yín. Nígbà tí wọ́n pa á fún mi lórí fóònù láti ilé, ó dùn mí wọ egungun, n kò sì lè sùn. Mo ti wá rò ó dé ìsàlẹ̀: òwe náà kò sọ pé inú ihò kan náà ni ìyá àti ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbé. Ọmọ tó ń lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, ń fún wọn lọ́mú.

Àwọn mìíràn yóò ní àrùn òyìnbó ni, tàbí kí wọ́n dárúkọ àjẹ́. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Wọ́n ní àgbà ń ṣarán. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní àdúgbò Ìdíkàn, n'Íbàdàn, láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè. Wọ́n rí àrùn náà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye àwọn tó ń mú kò tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àìsàn ọpọlọ ni. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara yín kí ẹ tó máa wá ilé kiri, nítorí ọmọ ìyá tí kò bá gbà yóò da gbogbo rẹ̀ rú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Màmá bá sunkún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wọn, ìyẹn káńsù, pé kí wọ́n wá wo ohun tí Màmá nílò. Òfin Care Act ti 2014 ló fi dandan lé e. Ọ̀fẹ́ ni, ì báà jẹ́ pé wọ́n lówó tàbí wọn kò ní. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà sọ́wọ́. Òun ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ilé ìtọ́jú lásán tó wọn, tàbí ilé tó ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru ni kí ẹ máa wá. Ọ̀pọ̀ ilé kékeré kò ní nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló máa ń wá di egbò tàbí wá gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ.

Ohun kan wà tí kò ṣeé fi dọ́la. Bí Màmá bá ṣì lè lóye ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí, ẹ ṣe ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní lasting power of attorney, tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò máa ṣèpinnu fún wọn. Méjì ni: ọ̀kan fún owó àti dúkìá, ọ̀kan fún ìlera àti ìtọ́jú. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Office of the Public Guardian, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí òye bá ti lọ tán kí ẹ tó rántí, Court of Protection, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀ mọ́, ni yóò kù, ibẹ̀ sì máa ń pẹ́, ó sì máa ń náni lówó.

Níkẹyìn, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó bá Màmá gbé jù lọ, kí ẹ kọ gbogbo ìṣe wọn sínú ojú ewé kan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde tọ̀ lóru? Ta ni wọ́n máa ń gbà kó wẹ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n lè gun àtẹ̀gùn? Kí ló máa ń bí wọn nínú, kí sì ni ó ń mú ọkàn wọn rọ̀? Alzheimer's Society, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́, ní ìwé kékeré kan tí wọ́n pè ní This is me, tó wà fún irú nǹkan báyìí. Ẹ lè lò ó. Ojú ewé yìí ni ẹ ó fi bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìròyìn CQC

Care Quality Commission, CQC, ló ń ṣàbójútó ilé ìtọ́jú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni gbogbo. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ṣé ibẹ̀ kò léwu, ṣé ìtọ́jú wọn ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n láàánú, ṣé wọ́n ń dáhùn sí ohun tí oníkálukú nílò, ṣé ìdarí ibẹ̀ dára. Wọn a wá fi ilé náà sí ọ̀kan nínú ipò mẹ́rin: Outstanding (ó tayọ), Good (ó dára), Requires improvement (ó nílò àtúnṣe), tàbí Inadequate (kò dára tó).

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìròyìn náà, lẹ́yìn náà ẹ wo orúkọ máníjà. Nílé ńlá, máníjà lè lọ kí iṣẹ́ má yingin. Nílé kékeré, bí máníjà tó dára bá fi lè lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e láàárín oṣù mélòó kan. Bí orúkọ tó wà nínú ìròyìn kò bá bá ti ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí mu, ìròyìn ilé mìíràn lẹ ń kà.

Ẹ tún wo ohun tó fà á tí wọ́n fi já máàkì wọn. Ilé tó gba Requires improvement nítorí pé wọn kò kọ ìwé dáadáa, tó sì ti tún un ṣe, kò dà bí èyí tó gbà á nítorí pé àgbàlagbà ń jókòó sínú ìtọ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oògùn, iye òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ṣubú. Máàkì ìmọ́tótó ilé ìdáná wọn náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì Food Standards Agency, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ, láti 0 dé 5. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 4, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fóònù

Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ṣé ààyè wà, èló ni lọ́sẹ̀, ọdún mélòó ni máníjà ti lò níbẹ̀, ènìyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lóru? Ẹ pe wọ́n ní nǹkan bí aago méje alẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí sí ohun tó ń lọ lẹ́yìn ẹni tó gbé e. Bí ẹnìkan bá ń ké pe nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, tí ẹni tó gbé fóònù ní kí ẹ dúró díẹ̀ kí òun lọ dá a lóhùn, ìyẹn wú mi lórí ju ohùn dídùn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú àdéhùn, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lọ nírọ̀lẹ́, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́jọ, nítorí àkókò yẹn gan-an ni ọkàn ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn yìí kì í balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí máníjà kò sí níbẹ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó wá, nítorí pé ilé àwọn ènìyàn ni, kò sì sí àléébù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ní kò sí ìrọ̀lẹ́ kan láyé yìí tí ẹ lè wá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn mú yín yí ilé ká kí wọ́n sì fi tíì lé yín lọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ilé kan tí mo dé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, òdòdó tutù wà lórí tábìlì, ògiri ń dán. Àgbàlagbà mẹ́jọ fẹ̀yìn ti ògiri, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ogún ìṣẹ́jú sì kọjá kí ẹ̀dá kan tó bá ẹ̀dá kan sọ̀rọ̀. Ní ilé kejì, kápẹ́ẹ̀tì ti gbó lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n olùtọ́jú kan ń bó ọ̀dùnkún, ìyá àgbà kan sì jókòó tì í, ó ń ká táwẹ́ẹ̀lì. Bó bá ká wọn tán, olùtọ́jú náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á tú wọn síbẹ̀, á sì tún ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká èyí.” Ibẹ̀ ni Màmá wà lónìí.

Ẹ wo bí òṣìṣẹ́ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé ó ń bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba, àbí ńṣe ló dúró lókè orí wọn tó ń pariwo? Ṣé ó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kàn wọ́n? Ṣé ó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọ yàrá? Nígbà tí ẹnìkan bá bi í léèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà, báwo ni ìdáhùn kẹfà ṣe rí?

Ẹ lo imú yín. Òórùn ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ti wọnú àga, tàbí lọ́fínńdà tó pọ̀ jù tí wọ́n fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ wo èékánná, ẹ wo bàtà. Ẹ wo bóyá awò wà lójú ẹni tó ń lo awò. Ẹ wo ife tíì: ṣé ọwọ́ onítọ̀hún lè tó o, àbí ó ti tutù síbi tí kò ti lè nawọ́ mú un?

Ilé tó mọ àrùn yìí máa ń hàn lára ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé lè wo rọ́ọ̀gì dúdú kó rò pé ihò ni, kó wo ilẹ̀ tó ń dán kó rò pé omi ni, kó sì kọ̀ láti gbẹ́sẹ̀. Àwòrán ló yẹ kó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà lásán, ìjókòó rẹ̀ náà sì yẹ kó ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ògiri, kí ojú lè tètè rí i.

Ìbéèrè kan wà tí mo bi gbogbo ilé. Ẹ fi ìṣe tí òbí tiyín ń ṣe rọ́pò tèmi: “Bí aago mẹ́fà bá lù, tí Màmá gbé báàgì wọn pé àwọn ń lọ sílé, kí lẹ ó ṣe?” Ilé kan dáhùn pé àwọn yóò sọ fún wọn pé ibí yìí ni ilé wọn báyìí. Ìyẹn yóò dá ìjà sílẹ̀, ẹkún ló sì máa ń parí sí. Ilé kejì ní dókítà lè kọ oògùn fún un. Nílé tí a yàn, olùtọ́jú kan bi mí pé, “Ta ló ń dúró dè wọ́n nílé bàbá wọn?” Mo ní àbúrò wọn tí wọ́n ń pọ̀n nígbà náà. Ó ní àwọn á wọ kóòtù, òun á bá wọn gbé báàgì, àwọn á jọ yí ọgbà ká, òun á máa bi wọ́n léèrè nípa àbúrò náà títí ẹsẹ̀ yóò fi rẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà wọn á wọlé wá mu tíì. N kò nílò láti béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òru

Ènìyàn mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méje àárọ̀, ṣé wọ́n ń jí ni àbí wọ́n ń sùn? Méjèèjì yàtọ̀ gan-an. Nílé kékeré, ẹni kan lè wà tó ń jí, kí ẹnìkejì máa sùn lókè tí wọ́n lè jí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Níbòmíràn, ẹni kan ṣoṣo ni.

Mo ti wà ní ipò ẹni kan ṣoṣo yẹn rí, pẹ̀lú àgbàlagbà mẹ́sàn-án. Lóru kan, bàbá kan ṣubú ní yàrá rẹ̀ lókè; bí mo ṣe ń sáré gòkè ni ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí fa ilẹ̀kùn àbájáde nísàlẹ̀. N kò lè pín ara mi sí méjì. Kò sí ìyá tàbí bàbá tó kú lóru ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè báyìí: ta ló nílò ènìyàn méjì kí wọ́n tó lè gbé e dìde nínú ilé yìí? Bó bá nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní aago mẹ́ta òru ńkọ́? Bí iná bá ń jó ilé, báwo lẹ ó ṣe gbé ẹni tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀? Olúkúlùkù ló yẹ kó ní ètò tirẹ̀ nínú ìwé. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n dánrawò kẹ́yìn pẹ̀lú iye òṣìṣẹ́ tó máa ń wà lóru. Ilé tó ti rò ó yóò dáhùn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo àtẹ̀gùn náà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí jẹ́ ilé gbígbé àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé ìtọ́jú: ṣé líìfùtì wà, àbí àga tó ń gun àtẹ̀gùn nìkan? Bí ẹsẹ̀ Màmá kò bá gbé wọn mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé yàrá ìsàlẹ̀ yóò wà?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: awọ ara, irun, oúnjẹ, èdè

Níbí ni a ti yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú fún, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá pẹ́ lójú kan lórí ibùsùn tàbí àga lè dá egbò sí ìdí, sí gìgísẹ̀, sí ìbàdí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ni pé kí wọ́n wo ibi tó pọ́n. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n. Ó lè dúdú sí i, tàbí kó ní àwọ̀ aró tàbí àlùkò. Ibẹ̀ lè gbóná tàbí kó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè le tàbí kó rọ̀ bẹ̀jẹ̀, ó sì lè máa dun onítọ̀hún. Ẹ bi wọ́n pé, “Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ lára aláwọ̀ dúdú pé egbò ń bọ̀?” Bí wọn kò bá mọ̀, tí wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yín, ó dára. Bí wọ́n bá ní gbogbo awọ bákan náà ni, kò dára.

Òrí tàbí ìpara lẹ́yìn gbogbo ìwẹ̀, nítorí ara tó gbẹ máa ń yún, ẹni tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ mọ́ á sì máa họ ọ́ títí yóò fi bó. Irun: ta ni yóò dì í, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Màmá mi kò jáde láìwé gèlè rí láyé wọn. Ní ilé àkọ́kọ́, mo bá wọn lọ́jọ́ Àìkú, orí wọn wà lásán, irun ti lọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ bò ó nítorí ojú ń tì wọ́n. Ẹni tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé ìtìjú.

Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan ni Màmá fẹ́ kó wẹ̀ wọ́n, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ìtọ́jú, kí ẹ sì béèrè bóyá obìnrin máa ń wà lóru. Àlùwàlá, ààwẹ̀, ẹran tí a pa ní ìlànà Mùsùlùmí, gbogbo rẹ̀ náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Oúnjẹ: ohun tó dára jù nípa ilé kékeré ni pé ilé ìdáná kò jìnnà, ẹni tó sè é ló sábà máa ń gbé e wá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, bóyá ẹ lè gbé moínmóín wá sínú fìríìsà wọn. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti ń hukọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun tàbí mumi, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe ẹni tó ń yẹ ọ̀fun wò, speech and language therapist, kí ẹ sì gbé àmàlà tàbí ẹ̀kọ náà wá kó fojú rí i. Òkèlè máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí kò lè gbé e mì dáadáa mọ́.

Ní ti èdè, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, Yorùbá á kù. A kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sára ògiri yàrá Màmá, a sì gba ohùn wa sílẹ̀ sórí fóònù ilé náà kí òṣìṣẹ́ lè gbọ́ bí a ṣe ń pè é: omi, ìtọ̀, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, ebi ń pa mí, ẹ rọra. “Ó ń dùn mí” gbà pé kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ wa ṣùgbọ́n tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè rò pé oúnjẹ ló ń dùn mọ́ Màmá, wọ́n sì ń jẹ̀rora.

Ẹ má rò pé bí òṣìṣẹ́ bá ti jẹ́ Yorùbá, iṣẹ́ ti parí. Sùúrù kò sí nínú èdè. Láti oṣù kejì 2022 tí ìjọba ti fi iṣẹ́ olùtọ́jú kún físà Health and Care Worker, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti wọṣẹ́ yìí. Ní 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Nítorí náà, ẹ bi ilé kọ̀ọ̀kan pé: bí ẹnìkan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, níbo lẹ ti ń rí ẹlòmíràn? Alẹ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni ẹ ń pe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ láti ẹ́jẹ́ńsì? Ojú tuntun lóroòru máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ní àrùn yìí.

Ìgbésẹ̀ keje: oògùn àti ilẹ̀kùn

Ẹ béèrè iye ènìyàn nínú ilé náà tó ń lo oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀. Risperidone jẹ́ ọ̀kan. Àṣẹ tó ní fún ìbínú líle nínú àrùn Alzheimer, ìyẹn irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù, kò ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ewu rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn dókítà ní ìdí tó fi kọ ọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni pé ẹnìkan ń padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún bi wọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹnìkan bá dédé yí padà láàárín ọjọ́ kan. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ wo bóyá ìtọ̀ ń ta á, bóyá omi ara rẹ̀ ti gbẹ, bóyá kò tíì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá nǹkan ń dùn ún, wọ́n á sì pe dókítà.

Ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì. Bí Màmá kò bá lè pinnu fúnra wọn mọ́, tí wọn kò sì lómìnira láti jáde, ilé náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ káńsù. Deprivation of Liberty Safeguards ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Máníjà tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ ní máníjà. Ní tiyín, láti 6 oṣù kẹrin 2024, òfin ti fi dandan lé ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn gba àlejò, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó

Bí ohun ìní Màmá bá lé ní £23,250, àwọn ni yóò máa san gbogbo owó náà. Láàárín £14,250 sí £23,250, káńsù yóò dá sí i. Nísàlẹ̀ £14,250, wọn kò ní ka ohun ìní náà mọ́, ṣùgbọ́n wọn yóò mú nínú owó tó ń wọlé, bíi owó ìfẹ̀yìntì. Wọn kì í ka ilé tí Màmá ń gbé bí ọkọ wọn tàbí ìbátan tó ti pé ẹni ọdún 60 bá ṣì ń gbé ibẹ̀, wọn kì í sì í kà á fún ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́. Ilé tó wà ní Nàìjíríà náà jẹ́ ohun ìní; ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì sáré kọ ọ́ sórúkọ ọmọ, nítorí bí káńsù bá rí i pé torí owó ìtọ́jú ni ẹ ṣe gbé e kúrò, wọ́n ṣì lè kà á mọ́ ọn. Ẹ béèrè fún Attendance Allowance, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbàlagbà tó nílò ìtọ́jú, tí kì í wo iye tí ènìyàn ní. Bí àìlera náà bá le, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fún NHS Continuing Healthcare, ètò tí ilé ìlera ìjọba, NHS, fi ń san gbogbo owó ìtọ́jú.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá nǹkan mẹ́rin: ìgbà mélòó lọ́dún ni owó ń gòkè, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìkìlọ̀, ọjọ́ mélòó ni ẹ ó ṣì máa sanwó lẹ́yìn tí Màmá bá kú, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí owó wọn bá tán. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà jáde nílé kékeré. Ṣé wọ́n á gba iye tí káńsù ń san, àbí wọ́n á ní kí ọmọ fi kún un? Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: oṣù àkọ́kọ́

Ẹ ṣe é ní àdánwò fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti dé pátápátá. Ẹ wọn ìwúwo Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n dé, kí ẹ sì máa béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ máa lọ ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá máa ń rìn jáde, ẹ kọ ìwé Herbert Protocol, tí ọlọ́pàá fi ń wá ẹni tó bá sọnù. Màmá lè sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹkún nìkan kò tó láti dá ilé náà lẹ́jọ́. Àpá tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé, aṣọ ẹlòmíràn lọ́rùn wọn lemọ́lemọ́, oorun ọ̀sán tí kò tán, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n bí òṣìṣẹ́ kan bá wọlé: ìwọ̀nyí ni kí ẹ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Ẹ kọ́kọ́ bá máníjà sọ ọ́, ní kíkọ. Bí ẹ bá fura sí ìyà, ẹ pe ẹ̀ka safeguarding ní káńsù, àwọn tó ń dáàbò bo àgbàlagbà, lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí CQC mọ̀. CQC kì í yanjú ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan; Local Government and Social Care Ombudsman, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ilé náà bá kọ̀ láti dá yín lóhùn. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, ẹ pe 999.

Bó bá sì di dandan kí ẹ kó wọn lọ ibòmíràn, ẹ má kó wọn jáde kí ẹ tó rí ilé kejì. Ẹ gba ìwé oògùn àti ètò ìtọ́jú wọn. Àárọ̀ ni kí ẹ gbé wọn, kí ẹnìkan ti ṣáájú lọ tẹ́ aṣọ ìbora wọn sórí ibùsùn tuntun. Èmi jókòó ti Màmá títí di aago mọ́kànlá alẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dé ilé kejì. Olùtọ́jú alẹ́ gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń sọ pé “ó dàárọ̀”.